Òkúta Mẹ́rin Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́rú ni Monísọ́lá kọ́kọ́ rí àwọn àmì mẹ́rin náà.

Ojú kọ̀ǹpútà méjì ló wà lórí tábìlì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó gbà lẹ́bàá títì ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ti apá òsì ló máa ń ṣí ilẹ̀ sí, ìyẹn ohun tí àwọn sàfíyọ̀ tó wọn ilẹ̀ bá fi ránṣẹ́: ibi tí igi wà, ibi tí kànga wà, ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tó ti rẹlẹ̀. Ti apá ọ̀tún ló máa ń ya pílánù ilé sí. Tó bá yà á tán, á gbé ilé náà láti ọ̀tún, á gbé e lé ilẹ̀ tó wà lósì, á wá fara balẹ̀ wò ó bóyá wọ́n bá ara wọn mu. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ṣe é. Àwọn ilé tó ti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde pọ̀ láti Ọyẹ́ dé Ìdó, àwọn mìíràn tiẹ̀ wà ní Ọ̀tùn lọ́hùn-ún. Kò sì sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ di ojú, kó ní, "Olúwa, tọ́ ọwọ́ mi."

Lọ́jọ́ náà, họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló gbé lé ilẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí, níbi tí àwọn igi káṣú wà. Họ́ọ̀lù náà jókòó dáadáa, kò kan ògiri ẹnikẹ́ni, ó sì jìnnà sí kànga. Ṣùgbọ́n àmì pupa kéékèèké mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó fi máòsì tọ́ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí sàfíyọ̀ kọ mọ́ ọn yọ: *Ibojì kékeré. Òkúta funfun lórí.* Ó tọ́ ìkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó tọ́ ìkẹta àti ìkẹrin, ó wá mú ọwọ́ kúrò lórí máòsì bí ẹni tí iná ta sí lọ́wọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Monísọ́lá bí láyé. Ọdún méje lòun àti Gbóyèga ọkọ rẹ̀ fi wá ọmọ náà, nígbà tó sì dé wọ́n sọ ọ́ ní Dárasími, nítorí ohun tí Monísọ́lá ń bẹ Ọlọ́run fún ọdún méjèèje kò ju ìyẹn lọ. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà lóṣù Kejì. Lóṣù Karùn-ún, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára lọ́wọ́ nígbà tó dákẹ́.

Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó tún pe Monísọ́lá ní Ìyá Dára. Ìyàwó Tíṣà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé tíṣà ni Gbóyèga, ní Ọ̀tùn, níbi tó ti ń wá sílé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ìyá àti bàbá tó ṣòfò ọmọ kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n máa sin ín sí, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ibojì hàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì sì dé, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bọ̀dá Akínbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n Gbóyèga, tó tún jẹ́ wọ́ọ́dìnì ṣọ́ọ̀ṣì, ló gbé Dárasími jáde lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Wọ́n ní kí Monísọ́lá kọjú sí ògiri. Ó kọjú sí ògiri. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi padà. Òjò ti rọ̀, bàtà òjò ni Bọ̀dá Akin wọ̀, bó sì ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Monísọ́lá tó jókòó sílẹ̀ rí i pé ewé káṣú kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bàtà náà, pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tiẹ̀ sọ fún Gbóyèga. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tí wọ́n bá wà nínú ìsìn, ìjókòó tó wà lẹ́bàá fèrèsé ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Àwọn èèyàn rò pé ooru ló ń mú un.

Ó pe sàfíyọ̀ náà lórí fóònù. Ọbáfẹ́mi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìfàkì, ẹni tó máa ń yára sọ̀rọ̀.

"Àńtí Moní, ẹ ti rí iṣẹ́ mi? Ṣé kò mọ́ lójú?"

"Ó mọ́. Ọbáfẹ́mi, àwọn ibojì kéékèèké yẹn, ta ló fi hàn ọ́?"

"Bàbá Àrẹ̀mú tó ń gé koríko ni. Wọ́ọ́dìnì lọ sóko lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ní ti àwọn ọmọdé ni, òun ló ń kun òkúta orí wọn lọ́dà funfun lọ́dọọdún kí òun má baà fi àdá ṣá wọn. Ẹ má dààmú, ma. Àwọn tó máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé á kàn kó ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Monísọ́lá gbé fóònù sílẹ̀ láìdágbére.

Láti aago mẹ́wàá dé aago mẹ́ta ọ̀sán ló fi ń ti họ́ọ̀lù kiri. Ó tì í síwájú, ó kọjá ààlà tí ìjọba ní kí ilé fi jìnnà sí títì. Ó tì í sápá kànga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá sún mọ́ omi tí gbogbo àdúgbò ń mu. Ó yí i padà, orí rẹ̀ wọ ilé aládùúgbò. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbé e láti ojú kan bọ́ sí ojú kejì, á di ojú tirẹ̀, á gbàdúrà, á là á, àwọn àmì pupa náà á ṣì wà níbẹ̀, bíi èéyi lára ọmọ. Ìnfátà tó ń fún ṣọ́ọ̀bù náà níná bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé bátìrì ń lọ sílẹ̀. Ó pa fáànù kí kọ̀ǹpútà lè rí iná lò. Òógùn ń kán sórí kíbọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ kan ń wọ̀ ọ́ lọ́kàn tí kò fẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ọlọ́run mọ ibi tí Dárasími wà. Bọ̀dá Akin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì dákẹ́. Ti Bọ̀dá Akin yé e, nítorí pé àṣà ni. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé àṣà ta ni Ọlọ́run ń tẹ̀ lé. Ó ní, "Olúwa, dárí jì mí," ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti họ́ọ̀lù.

Nígbà tí aago mẹ́rin ń lọ lù, ó rí ọ̀nà díẹ̀. Tó bá ti họ́ọ̀lù síwájú ní mítà méjì àbọ̀, ibojì mẹ́ta á jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkẹrin kò jáde. Igun ògiri dúró lé e lórí gẹ́lẹ́, níbi tí wọ́n máa gbẹ́ jù. Àfi tó bá gé igun náà dànù, yàrá tó sì wà ní igun náà ni yàrá ìkàwé tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ olóògbé ọkọ Màmá Alice sọ. Màmá Alice ni alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́. Òun ló máa wá wo pílánù ní ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó gbé e lọ tẹ̀ ní Adó.

Ó pe Bọ̀dá Akin. Ní ọjọ́bọ̀ ó dé, ó gun ọ̀kadà wá láti oko rẹ̀ ní Ìrè, iṣu mẹ́ta wà nínú àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, ìyàwó. Èèyàn kan, tẹlifíṣọ̀n méjì. Èwo ni ìyálé nínú wọn?"

Gbogbo ìgbà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù náà ló máa ń dá irú àpárá yìí, Monísọ́lá á sì rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo apá ibí."

Ó wò ó. Kò mọ pílánù kà dáadáa, ṣùgbọ́n ó rí kànga, ó rí ilé Ọlọ́run, ó rí àwọn igi, ó wá rí àmì mẹ́rin. Ó gbé àpò iṣu sílẹ̀.

"Ta ló fi èyí han ọmọkùnrin yẹn?"

"Bàbá Àrẹ̀mú ni."

"Àrẹ̀mú. Ọjọ́ kan péré ni mo lọ sóko."

"Bọ̀dá, mi ò ní kí ẹ sọ ibi tí Dára wà fún mi. Mo ti mú mẹ́ta jáde. Èyí ló kù. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ. Ohun tí mo kàn ń bi yín ni pé, tí mo bá fi í sílẹ̀ lábẹ́ ògiri, ṣé ẹ máa lè jẹun nílé mi?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la gbé e lọ?"

"Ewé káṣú lẹ̀ mọ́ bàtà yín."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, bí ẹni pé ewé náà ṣì wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

"Gbé e kúrò," ó ní.

"Ṣé òun ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wù kí o nawọ́ sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbé e kúrò náà ni màá wí. Ọwọ́ mi ló gbé méjì sílẹ̀ níbẹ̀. Méjì yòókù ti wà níbẹ̀ kí n tó di wọ́ọ́dìnì."

"Kí ni kí n wí fún Màmá Alice?"

"Sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Pé omi wà lábẹ́ rẹ̀."

"Irọ́ nìyẹn, Bọ̀dá."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni?" Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń ka ìkéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí kó pa irọ́. "Ìyàwó, ìyá kì í dìde láàárín ìgbìmọ̀ kó máa tọ́ka sí ibojì. Wọ́n á máa wò ọ́ bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Má jẹ́ kí wọ́n wò ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó fi iṣu sílẹ̀, ó lọ. Monísọ́lá gé igun họ́ọ̀lù náà. Ìyẹn kò gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni. Nígbà tó ṣe tán, ó lọ sí ojú apá òsì, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì bo àmì pupa náà: *Ilẹ̀ rírọ̀.* Láti ọdún mọ́kànlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa kọ ohun tí kò sí sórí ilẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà lálẹ́, ọ̀rọ̀ kò wá.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì lu, Màmá Alice ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, agbòòrùn ló ń fi ṣe ọ̀pá. Ó jókòó, ó wọ dígí rẹ̀, ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà apá ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Níbo ni yàrá ọkọ mi wà?"

"Mo gé igun yẹn, ma."

"O gé e. Ṣé búrẹ́dì ni?"

"Ẹ má bínú, ma. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò dára."

Màmá Alice yí ọrùn sí apá òsì. Ó ka ọ̀rọ̀ méjì náà sókè, bí ìgbà tó ń ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sí ìwé. "Ilẹ̀ rírọ̀. Monísọ́lá, mo ti ń rìn lórí ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó bí ọ. Ó le bí orí Àrẹ̀mú. Ta ló sọ fún ọ pé ó rọ̀?"

Monísọ́lá ti tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ tò sínú orí láti àárọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀, ọ̀gbàrá, ògiri tó lè sán. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó wo obìnrin àgbà tó ń dúró de ìdáhùn, ó wo àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà, ó sì rí i pé ọwọ́ òun ti ń lọ sórí bọ́tìnnì tó máa ń dá nǹkan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì náà parẹ́. Àmì pupa jókòó síbẹ̀.

"Irọ́ ni mo kọ, ma. Ibojì ọmọdé ni. Mẹ́rin ni wọ́n. Dárasími wà nínú wọn. Mi ò mọ èyí tó jẹ́."

Ó ń retí kí obìnrin náà sọ pé èèwọ̀ ni, kí ìyá máa sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu. Màmá Alice kò sọ ọ́. Ó bọ́ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Mẹ́rin," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Wọ́n sọ fún mi pé Ìrè ni wọ́n gbé tèmi lọ. Oko bàbá ọkọ mi." Ohùn rẹ̀ kò yí padà, bí ẹni tó ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà. "Ọkùnrin ni. Ó ti ń rìn. O ò mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́, ọdún tí mo dé Ìkọ̀lé ni. Mo gbé omi kaná kí àwọn tó gbé e lọ lè fi wẹ̀ tí wọ́n bá dé. Omi yẹn kò tíì gbóná tí wọ́n fi dé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn dé Ìrè, tó sì padà kí omi tó gbóná?"

Monísọ́lá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ní báyìí gbogbo àwọn tó gbé e ti kú tán, kò sí ẹni tí mo máa bi." Ó na ìka rẹ̀. "Fi wọ́n hàn mí dáadáa. Ojú mi ò ríran púpọ̀."

Monísọ́lá mú ìka àgbà náà, ó gbé e lé àmì àkọ́kọ́ lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ibi tí ìka náà bá tẹ̀, àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà á ṣú díẹ̀, á tún mọ́lẹ̀.

"Gé igun náà," Màmá Alice ní.

"Yàrá ọkọ yín ńkọ́, ma?"

"Ọkọ mi ni bàbá rẹ̀."

Ó dìde, ó mú agbòòrùn rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ó ní òun á bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ní ìbéèrè kó wá bi òun. Kò sunkún. Ṣùgbọ́n ó gba apá òsì lọ, nígbà tó jẹ́ pé apá ọ̀tún ni ilé rẹ̀ wà. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà.

Bọ̀dá Akin ti wà níta láti ìgbà tó ti pẹ́, òun ló fẹ́ gbé pílánù lọ sí ibi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Adó. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn àga Monísọ́lá, kò sì dá àpárá kankan.

"Ìyá Dára," ó ní.

Ọdún mẹ́ta.

"Mo rò ó lóru. Mi ò mọ ẹni tí mò ń pa á mọ́ fún mọ́. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́, màá fi hàn ọ́. Ó wà nínú àwọn yìí." Ó na ọwọ́ sí apá òsì, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà.

Ohun tí Monísọ́lá ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́rú nìyẹn, láti ọdún mẹ́ta pàápàá. Ìka náà kù díẹ̀ kó kan án. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ṣáájú ọkàn rẹ̀: ó pa ojú kọ̀ǹpútà apá òsì. Ó ṣókùnkùn, òun àti Bọ̀dá Akin sì hàn nínú rẹ̀ bíi nínú díńgí, ìka ọkùnrin náà ṣì nà sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ná, Bọ̀dá," ó ní. "Ẹ fún mi láàyè díẹ̀."

Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Monísọ́lá kó pílánù sínú fíláàṣì tí Bọ̀dá Akin máa gbé lọ sí Adó, pẹ̀lú igun tó gé. Kò mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ló mú òun pa ojú kọ̀ǹpútà yẹn tàbí ẹ̀rù. Ní bíi wákàtí méjì sí i, Gbóyèga á ti Ọ̀tùn dé, á bi í pé báwo ni iṣẹ́, kò sì mọ ohun tó máa sọ fún un. Ó di ojú. "Olúwa, O mọ̀ ọ́n," ó ní nínú ara rẹ̀. Ó dúró de ọ̀rọ̀ tó kù kó wá. Kò wá. Ìnfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó sì fa fíláàṣì náà yọ kí iná tó lọ.